A dé Henry Street, níbi tí nọ́ọ̀sì ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní New York

Nọ́ọ̀sì ni àǹtí mi ní Brooklyn. Àwọn ni wọ́n ní n kò gbọdọ̀ padà sí Nàìjíríà láì dé Henry Street. A wọ ọkọ̀ ojú irin F, ó gba abẹ́ odò kọjá, a sì bọ́ sílẹ̀ ní East Broadway.

Àwọn ará Ṣáínà ló pọ̀ jù lójú pópó ibẹ̀ báyìí. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn Júù tó wá láti Rọ́ṣíà àti agbègbè rẹ̀ ló kún àdúgbò náà fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn nínú yàrá kótópó. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ilé nọ́ńbà 265. Ibẹ̀ ni Lillian Wald, nọ́ọ̀sì, kó wọ̀ ní 1895, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní tó dá sílẹ̀ kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Àfihàn kékeré wà nínú ilé. A ò san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló dá mi dúró. Láti 1897 ni New York ti ń rán dókítà lọ sílé ìwé láti yẹ ara àwọn ọmọ wò. Wọ́n á ṣí ìpéǹpéjú wò bóyá trachoma, àrùn ojú tó ń ràn, wà níbẹ̀, wọ́n á tú irun wá iná orí, wọ́n á wá làpálàpá àti kúrúnà. Ọmọ tí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀, ilé yá nìyẹn. Ta ló wá máa tọ́jú rẹ̀? Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó dókítà ò sí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí wọ́n lé àti èyí tí wọn ò lé á jọ máa ṣeré lójú títì! Wald pàdé ọmọ ọdún 12 kan tí egbò orí ò jẹ́ kó kàwé. Ìgbàkígbà tó bá lọ, káàdì pé kó máa lọ sílé ni dókítà ń fún un.

Ní oṣù kẹwàá 1902, Wald yá ìjọba ìlú ní nọ́ọ̀sì kan, Lina Rogers, fún oṣù kan. Ilé ìwé mẹ́rin ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ọmọ inú wọn tó 10,000. Ó ń wẹ egbò, ó ń fi oògùn sí i, lẹ́yìn náà á gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn ìyá nílé, á fi bí wọ́n ṣe máa ṣe é hàn wọ́n. Ni ìjọba bá gba nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì. Ọmọ 10,567 ni wọ́n lé sílé ní oṣù kẹsàn-án 1902. Ní oṣù kẹsàn-án 1903, 1,101 péré.

Àmọ́ rògbòdìyàn ṣì ń bọ̀. Ní oṣù kẹfà 1906, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Mount Sinai gé ẹran tó wú lọ́nà ọ̀fun àwọn ọmọ kan nínú ilé ìwé. Ariwo sọ: wọ́n ń dúńbú ọmọ! Àwọn ìyá ya bo ilé ìwé, wọ́n fọ́ fèrèsé, ọlọ́pàá dé. Àwọn kan bú wọn ní òpè. Èmi ò bá wọn bú wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn ti wá, ìpakúpa ni wọ́n ń pa Júù níbẹ̀. Bí ọmọ ẹ bá délé tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ṣé wàá jókòó? Àǹtí mi ní ẹni tó gé bèlúbèlú àwọn nílé, orí itan ìyá àwọn ló ti gé e.

A rìn dé Seward Park, ibi ìṣeré ọmọdé tí ìjọba ìlú ṣí ní 1903. Àǹtí mi gbójú sókè wo àwọn ilé alájà márùn-ún àtijọ́, wọ́n fọwọ́ pa orúnkún. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àwọn ni Lina Rogers, àjẹmọ́nú àtẹ̀gùn làwọn ì bá kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba.