Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ọgbà nígbà ọyẹ́

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí síkúùlù àwọn ọmọ mi kó wọn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan. Ẹ̀yin òbí ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, a sanwó, mo se ráìsì sínú kúlà, mo ra jùúsì, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Nígbà tí wọ́n dé nírọ̀lẹ́ mo bi èyí àgbà pé kí lo rí níbẹ̀, ó ní àwọn fò lórí ilé onírọ́bà, wọ́n kun labalábá sójú àwọn, wọ́n sì ya fọ́tò. Mo ní igi ńkọ́? Ó ní, "Màmí, igi pọ̀ níbẹ̀ o." Mo ní igi wo? Ó kàn ń wò mí ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé inú. Ìlọrin ni mo dàgbà sí, kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá mo ti mọ igi tí wọ́n ń já ewé ẹ̀ ṣe ọbẹ̀ lúrú, mo mọ igi irú, mo mọ àràbà tí wọ́n ní ká má sún mọ́ lálẹ́, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi, a kàn ń bá àwọn àgbà rìn ni. Àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní Abuja yìí, inú ilé, inú mọ́tò, inú kíláàsì, níbo ni wọ́n á ti rí i? Àwọn igi yẹn sì wà níbí o, ilẹ̀ ibí náà ni wọ́n ti ń hù.

Millennium Park ní Maitama ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ló wá ṣí i ní December 2003, nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé Commonwealth ní Abuja, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Manfredi Nicoletti ló ya àwòrán ẹ̀, odò sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ dáa gan-an, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ lọ́jọ́ Iléyá tàbí Kérésì, èrò lẹ máa wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ọmọ kọ́ nǹkan, àárọ̀ Sátidé ni, kí oòrùn tó mú. Àwa ní ọgbà kékeré kan tí kò jìnnà sílé, ibẹ̀ la ń lọ, torí Mallam tó ń bomi rin àwọn òdòdó ibẹ̀ gbé Ṣàgámù rí, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀.

Oṣù January la kọ́kọ́ lọ, ọyẹ́ mú bí nǹkan míì, ètè gbogbo wa ti bó. Mo rò ó lọ́kàn pé ṣé àkókò yìí ló yẹ kéèyàn kó ọmọ wá wo igi ni, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ. Àṣé àkókò ẹ̀ gan-an nìyẹn. Àbíkẹ́yìn mi dúró níwájú igi oṣè ńlá kan tí kò ní ewé kan ṣoṣo lórí, ó ní, "Màmí, ṣé ó ti kú ni?" Kí n tó dáhùn Mallam ti dé ìdí igi náà, ó fi èékánná àtàńpàkò ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan tó wà nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wò ó. Abẹ́ èèpo yẹn tutù yọ̀yọ̀, ó ní àwọ̀ ewé. Ó ní kuka, bí àwọn Hausa ṣe ń pe oṣè, kì í kú nínú ọyẹ́, ó ń tọ́jú omi ẹ̀ ni, ewé ló máa ń jẹ́ kí omi jáde lára igi, ìyẹn ló ṣe ń gbọn gbogbo ẹ̀ dànù kí òjò tó padà dé. Ó wá ní kí wọ́n má máa ha gbogbo igi kiri o, ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Bí eré orúkọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mallam á pe ti Hausa, èmi á pe ti Yorùbá, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé. Kuka, oṣè. Dorawa, igi irú. Rimi, àràbà. Tsamiya, àjàgbọn. Tó bá sọ èyí tí mi ò mọ̀ mo máa ń pe ìyá mi ní Ìlọrin lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, màmá á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí kò ní tán bọ̀rọ̀, mi ò kí ń já fóònù. Ọjọ́ yẹn náà ni a gé òwú kékeré, a fi nu ewé dóńgóyárò kan, òwú yìí pupa rúsúrúsú, mo ṣàlàyé fún wọn pé eruku aṣálẹ̀ lèyí, pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, atẹ́gùn ló ń gbé e bọ̀ wá bá wa. Èyí àgbà mú òwú yẹn lọ síkúùlù lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní April a tún padà lọ, ọgbà yẹn ti di nǹkan míì. Pánṣẹ́kẹ́ ti pọ́n kalẹ̀ (igi yẹn kì í ṣe tiwa o, Madagascar ni ilé ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bá wa gbé pẹ́), èsúnsún ti já ìyẹ́ sílẹ̀ káàkiri abẹ́ iná, oṣè yẹn sì ti ń rú ewé kéékèèké. Màmá mi ní kí n já lára ẹ̀, mo tọrọ lọ́wọ́ Mallam, ó fún wa díẹ̀, a sá a, a gún un, mo fi se lúrú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ yẹn máa jẹ ẹ́ láìjanpata nìyẹn.

Ti ìgbà hólídé ńlá ni wọ́n fẹ́ràn jù. Òjò August ń rọ̀, ẹyẹ ẹ̀gà sì ti gba igi kan, ariwo wọn ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. A mú ẹní lọ, a jókòó bíi wákàtí méjì. Akọ ẹ̀gà ló ń kọ́lé, ó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hun ún bí ẹní. Tó bá parí á so rọ̀ nísàlẹ̀ ilé ẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ pe abo. Abo á wá, á wọlé lọ yẹ gbogbo ẹ̀ wò, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á bá tiẹ̀ lọ. Ilé tí kò rẹ́ni gbà yẹn, akọ náà á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọmọ mi yan ẹyọ kan, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún un títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Kò sí tíṣà tó lè fi bọ́ọ̀dù kọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àyè níwájú ilé, ìgbà òjò náà ni kí ẹ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn létí títì, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi han ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka máńgòrò tó ti ń so, tí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n gbìn láti inú kóró, tí wọ́n á fi ọ̀rá dì í. Ẹ ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ṣá.

January àkọ́kọ́ yẹn, Mallam fún wa ní èso oṣè kan. A lá ìyẹ̀fun funfun tó kan lẹ́nu yẹn tán, a tọ́jú kóró inú ẹ̀. Èèpo kóró oṣè le, a da omi gbígbóná lé e, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà la gbìn mẹ́fà sínú agolo. Méjì ló hù. Ilé àyágbé la wà, kò sí ibi tí a máa gbìn ín sí, Mallam ní ká mú wọn wá nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, òun ti wá àyè sílẹ̀ fún wọn.

Ọyẹ́ ti tún dé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i pé gbogbo ewé àwọn méjèèjì ti já sílẹ̀, ọkàn mi já, mo ń rò ó bí mo ṣe máa sọ fún àbíkẹ́yìn mi. Ó ti rí i ṣáájú mi. Mo bá a níbi tó lóṣòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, ó ti fi èékánná ha ọ̀kan níbi kékeré kan, ó ní, "Màmí, ẹ wá wò ó, ó tutù nínú."