Gbà á gbọ́, gbọ́ràn sí i: Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù lórí ọ̀rọ̀ ìgbàlà

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì: ṣé ìgbàgbọ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń gba ènìyàn là, àbí dandan ni kí onítọ̀hún gbọ́ràn? Ẹni tó di Róòmù 3:28 mú á ní ọ̀rọ̀ ti parí, a dá ènìyàn láre nípa ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ òfin. Ẹni tó dúró lórí Jákọ́bù 2:24 á ní rárá o, nípa iṣẹ́ ni, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Wọ́n á máa ju ẹsẹ Bíbélì lu ara wọn títí ìpàdé á fi túká, kò sì ní sí ẹni tó ka orí méjèèjì tán. Ibi tí mo dúró sí nìyí: ìgbàgbọ́ la fi ń gba ìgbàlà, ìgbọràn kì í ṣe owó tí a fi ń rà á. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí kò bá gbọ́ràn, ohun mìíràn ni, kì í ṣe èyí tí Pọ́ọ̀lù ń sọ.

Èdè tiwa fúnra rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbí. "Gbàgbọ́" ṣeé là sí méjì, kí a sì fi ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sáàárín: a gba Ọlọ́run gbọ́. "Gbọ́ràn" náà, gbọ́ ló ṣáájú rẹ̀. Bí ìyá bá ní "ọmọ yìí kì í gbọ́ràn", kò sẹ́ni tó máa rò pé etí ọmọ náà ló di. Bákan náà ni Gíríìkì rí: inú akouo, tó túmọ̀ sí gbọ́, ni hypakoe, ìgbọràn, ti jáde. Pọ́ọ̀lù wá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú Róòmù 1:5, "ìgbọràn ìgbàgbọ́", ó sì tún un sọ ní 16:26. Ìwé tí àwọn ènìyàn fi ń lé ìgbọràn jáde, ìgbọràn ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi parí.

Ibo wá ni "nìkan" ti wá? Nígbà tí Martin Luther, àlùfáà Jámánì tó dá àtúnṣe ìjọ sílẹ̀, túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní 1522, ó fi "allein", ìyẹn "nìkan", kún Róòmù 3:28. Kò sí i nínú Gíríìkì. Wọ́n bá a jà lórí rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà ní 1530 pé bí àwọn Jámánì ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, àti pé ohun tí ẹsẹ náà ń sọ gan-an nìyẹn. Ibi kan ṣoṣo tí "ìgbàgbọ́ nìkan" ti hàn nínú Májẹ̀mú Tuntun ni Jákọ́bù 2:24, "kì í ṣe" ló sì ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, Luther yìí kan náà kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sí ìwé Róòmù pé ìgbàgbọ́ tòótọ́ kò lè ṣàì ṣe iṣẹ́ rere. Èyí ni àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ jiyàn kì í kà. Ìjọ Kátólíìkì ta ko "ìgbàgbọ́ nìkan" yìí ní ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní 1547. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1999, Kátólíìkì àti àpapọ̀ àwọn ìjọ Luther àgbáyé jọ fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg pé oore-ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi gbà wá, kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ wa, àti pé Ẹ̀mí tó fún wa ló ń mú wa ṣe iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2006.

Ábúráhámù ni kókó ọ̀rọ̀ náà, torí òun ni Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù jọ pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹ bá mi ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó kúrò ní Háránì. Ẹni ọdún 86 ni nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kọlà. Gẹ́nẹ́sísì 15:6, "ó gba Olúwa gbọ́, ó sì kà á sí òdodo fún un", ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí Íṣímáẹ́lì, nítorí náà ó fi ọdún 13, ó kéré tán, ṣáájú ìkọlà. Ohun tí Pọ́ọ̀lù dì mú ní Róòmù 4:10 nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ábúráhámù kò ṣe ju pé ó gbójú sókè wo ìràwọ̀, ó sì gba ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ gbọ́. "Kà sí" yìí, Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nídìí rẹ̀ nígbà 11 nínú orí kẹrin nìkan. Ó ní òṣìṣẹ́ tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ẹ̀bùn, gbèsè ni wọ́n san fún un. Ọlọ́run kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó oṣù.

Gẹ́nẹ́sísì 22 ni Jákọ́bù ń wò ní tirẹ̀, nígbà tí Ísáákì ti dàgbà tó ẹni tó lè ru igi ẹbọ gun òkè. Ó ní níbẹ̀ ni Gẹ́nẹ́sísì 15:6 ti ṣẹ. Kò ní pé níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 2:14: bí ẹnì kan bá *wí pé* òun ní ìgbàgbọ́. Ẹni yìí rí ará tí kò ní aṣọ àti oúnjẹ òòjọ́, ó ní "máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ gbóná, kí o sì yó", ó sì wọlé lọ. Ìgbàgbọ́ ẹnu yìí ni Jákọ́bù ń bi wá bóyá ó lè gbani là. Ní 2:19 ó ní àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbàgbọ́ *pé* Ọlọ́run kan ló wà, wọ́n sì ń gbọ̀n. Ẹ má fojú kéré "pé" yẹn. Ẹni tó gbàgbọ́ pé dókítà kan wà lè máa kú lọ nílé. Ẹni tó gba dókítà gbọ́ ló ń lo oògùn tó kọ fún un.

"Iṣẹ́ òfin" wá ńkọ́? Nínú Gálátíà, ohun tó ń fa ìjà ni ìkọlà (2:3), bíbá Kèfèrí jẹun pọ̀ (2:12), àti pípa ọjọ́ àti oṣù mọ́ (4:10). Ní àárín wa lónìí, yẹtí àti ṣòkòtò obìnrin ló wà ní ipò yẹn. Ìjọ lè ṣe òfin fún ètò ilé rẹ̀. Bó bá wá sọ ọ́ di ẹnubodè ọ̀run, Gálátíà 5:3 ti sọ ohun tó kàn: gbogbo òfin pátá ló di gbèsè sí onítọ̀hún lọ́rùn. Iṣẹ́ ńlá pàápàá lè má jẹ́ ìgbọràn. Àwọn tí Jésù lé ní Mátíù 7:22 sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n lé ẹ̀mí èṣù jáde, wọ́n ṣe iṣẹ́ agbára. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n kà sílẹ̀ fún un, ó sì ní òun kò mọ̀ wọ́n rí.

Àwọn kan á ní, olè orí àgbélébùú tó rí ìgbàlà láìráyè ṣe iṣẹ́ rere ńkọ́? Ó gbọ́ràn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìṣó, ẹnu ló kù. Ó fi ẹnu náà bá ẹnì kejì rẹ̀ wí, ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi òun tọ́ sí òun, ó jẹ́rìí pé Jésù kò ṣẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tú sílẹ̀, Sákéù agbowó orí ní Lúùkù 19 ni kó wò, pàápàá ẹni tó ti kó owó olówó jẹ kó tó gba Kristi gbọ́. Léfítíkù 6:5 ní kó dá owó náà padà ní pípé, kó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Ẹni tó gba ₦10,000 lọ́nà èrú á san ₦12,000. Sákéù ní ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ₦40,000, lẹ́yìn tó ti ya ìdajì ohun ìní rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní. Kọ orúkọ àti iye sílẹ̀. Ẹni tó ni ín ni kí o gbé e fún. Bó bá ti kú, Nọ́ńbà 5:8 ní ìbátan rẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á yọ ìdámẹ́wàá nínú owó náà, wọ́n á fi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ á sì wà níbi tó wà. Léfítíkù 6 fi sísan gbèsè ṣáájú àgbò ẹbọ, Mátíù 5:24 sì ní kí o fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o lọ bá arákùnrin rẹ parí ọ̀rọ̀ ná. Bí owó náà kò bá pé lọ́wọ́ rẹ, lọ jẹ́wọ́ iye rẹ̀ gan-an, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí wàá máa san lóṣooṣù.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìgbàlà ń dúró de èyí tó kẹ́yìn nínú owó náà. Jésù ti pe Sákéù sọ̀kalẹ̀ lórí igi, Sákéù sì ti fi ayọ̀ gbà á lálejò, kó tó di pé ó sọ̀rọ̀ owó. Nígbà tó sì sọ ọ́, Jésù kò dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ó ní, "Lónìí ni ìgbàlà wọ ilé yìí."