Ìwé kan nínú fáìlì

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi pe ọ̀daràn lẹ́jọ́ fún ìjọba kí n tó di olùkọ́ òfin. Afurasí ló yẹ kí n pè wọ́n títí ilé-ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀, mo mọ̀, àmọ́ ohun tó bá ti mọ́ni lẹ́nu kì í tètè kúrò ńbẹ̀.

Ẹjọ́ tó là mí lójú jù kì í ṣe èyí tí mo borí. Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n fi kan ọ̀dọ́kùnrin kan. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo la ní, ìyá àgbàlagbà kan tó dúró gbọin pé òun ni. Inú mi dùn sí i. Nígbà tó ku ọ̀la ká wọ ilé-ẹjọ́, mo tún fáìlì yẹ̀ wò, mo sì bá ìwé pélébé kan tí ọlọ́pàá fọwọ́ kọ lálẹ́ ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀: màmá ní òun ò rí ojú olè náà dáadáa, iná ti kú.

Mo jókòó ti ìwé yẹn, ó pẹ́. Mo ń tan ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà á nígbà yẹn, pé ó ti wá rántí dáadáa báyìí. Bẹ́ẹ̀, ìrántí kì í mọ́ sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ìdánilójú ló ń pọ̀ sí i, pàápàá tí wọ́n bá ti fi àwòrán ẹnì kan náà hàn án léraléra. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́dún 1984 ti fara balẹ̀ wo ojú ẹni tó ṣe é níbi. Ó tọ́ka sí Ronald Cotton. Ọkùnrin yẹn lo ohun tó lé ní ọdún 10 lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1995. Ìyá tèmi ò tiẹ̀ ní iná.

Mo gbé ìwé náà fún agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹjọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀gá mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Láti 1963 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Brady pé agbẹjọ́rò ìjọba ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tó lè gbe olùjẹ́jọ́ pamọ́ fún un, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóru, òfin ò sí nídìí tábìlì; ìwọ àti fáìlì ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: tí o bá fi ìwé pamọ́, adájọ́ lo sọ di òṣìkà láìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ àwíjàre olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ tiyín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Mo máa ń ki irú ìwé yẹn bọ àárín fáìlì tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mà, ṣé dandan ni ká fún wọn?" Mo ní kó lọ dúró síbi tí olùjẹ́jọ́ máa ń dúró sí, kó wá bi mí látibẹ̀.