Rúlà ti mọ́ mi lọ́wọ́ jù

Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ya pílánì ilé jẹun. Bí ìlà kan bá fi mìlímítà 2 yẹ̀ lórí bébà mi, oorun ò ní kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wá wo irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó ti fẹ́ máa fi ọ̀dà olómi ya òkè, odò àti igi níta gbangba, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà dẹ̀, kó má le gbagidi bí ògiri.

Igi kan ni mo kọ́kọ́ yà. Díẹ̀ ló kù kí n ka gbogbo ewé rẹ̀ tán. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Kí n tó dé ìdí igi náà, oòrùn ti yí, òjìji tó wà lápá òsì ti bọ́ sí apá ọ̀tún, èmi náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi wo àwòrán náà títí, ó ní, "Dádì, ṣé oòrùn méjì ló ràn lọ́jọ́ yẹn ni?"

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le ni pé kó túra ká, kó yára, kó má ronú. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo sì fi ìmọ̀ràn yẹn ba odidi ìwé kan jẹ́, ojú ewé 30. Mo ń sáré gbá búrọ́ọ̀ṣì lọ gbá a bọ̀, gbogbo rẹ̀ wá di ẹrọ̀fọ̀. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn yẹn kò dáa. Àìronú kì í mú ọwọ́ dẹ̀. Ọwọ́ tí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe á kàn máa táràrà lójú bébà ni.

Ìyá àgbà kan tí mo máa ń bá létí odò, tó ti pẹ́ nídìí ọ̀dà olómi, ló là mí lójú. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí lò ń wò láti àárọ̀?"

Mo ní, "Òkè yẹn ni, mà."

"Irọ́ ni. Bébà rẹ lò ń wò. Gbójú sókè. Rọra dijú, má dì í tán."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ewé pòórá. Ohun mẹ́ta péré ló kù níwájú mi: ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, òkè tó ṣókùnkùn díẹ̀, àti igi iwájú tó dúdú gan-an, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra bí nǹkan kan ṣoṣo. Nǹkan mẹ́ta! Èmi ti ń ya ọgọ́rùn-ún.

Láti ìgbà náà, mi ò kì í fọwọ́ kan ọ̀dà kí n tó fi pẹ́ńsùlù ya àpótí kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìṣẹ́jú 2 ni. Inú rẹ̀ ni mo ti ń pín ibi tó máa funfun, ibi tó máa wà láàárín, àti ibi tó máa dúdú. Ibi tí mo bá fi òjìji sí nínú àpótí yẹn, ibẹ̀ náà ló máa wà, kódà bí oòrùn bá lọ jókòó síbòmíì. Mo tún máa ń kọ aago àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sẹ́yìn bébà. Ọ̀dọ̀ John Constable, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti kọ́ ìyẹn. Ní 1821 àti 1822 ó ń jáde lọ ya ìkúùkuu ní Hampstead, á sì kọ ọjọ́, aago àti ìròyìn afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọn. Ọ̀dà olóròóró ni tirẹ̀, àmọ́ ìkúùkuu kì í dúró de ọ̀dà kankan.

Àwọ̀ 24 ló wà nínú àpótí tí mo kọ́kọ́ rà. Mẹ́ta ni mò ń gbé jáde báyìí: ultramarine (búlúù), burnt sienna (búráùn tó pọ́n díẹ̀) àti yellow ochre (yẹ́lò tó rẹ̀ díẹ̀). Ẹ po méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Bí búlúù bá pọ̀ jù, ìkúùkuu òjò nìyẹn. Bí búráùn bá pọ̀ jù, ìtì igi. Bí omi bá wá kéré, ó ń di dúdú tó jinlẹ̀. Búlúù àti ochre ń bí àwọ̀ ewé kan tó ti rẹ̀ díẹ̀, tó sì jọ igi ju èyí tó wà nínú túùbù lọ. (Ultramarine yìí, òkúta tí wọ́n ń wà ní Afghanistan ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é tẹ́lẹ̀, òdìkejì òkun ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Àwọn ọdún 1820 ni wọ́n tó rí ọgbọ́n ṣe é fúnra wọn ní Faransé. Ká ní ayé ìgbà yẹn ni, mi ò jẹ́ fi ohun tó wọ́n bẹ́ẹ̀ kun odindi ojú ọ̀run.)

Àmọ́ omi gan-an ni ọ̀gá. Bébà tó wúwo tó gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin kan ni mò ń lò, torí èyí tó fúyẹ́ máa ń hunjọ. Bí mo bá da omi àti ọ̀dà sí i, ó kọ́kọ́ ń dán yinrin. Mo lè jẹ́ kí àwọ̀ méjì ṣàn pàdé ara wọn. Lẹ́yìn náà dídán yẹn á lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó ṣì tutù. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká fi í sílẹ̀.

Èmi ò fi í sílẹ̀. Mo ti kun ojú ọ̀run kan tán lọ́jọ́ kan, ó wù mí, mo kàn rí ibì kan tí búlúù rẹ̀ kò tó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó lómi dáadáa kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó yá, omi tuntun yẹn, tó pọ̀ ju èyí tó wà nínú bébà lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń ti ọ̀dà síwájú bí ìgbálẹ̀ ṣe ń ti erùpẹ̀. Àárín rẹ̀ ṣá, gbogbo búlúù lọ kó jọ sí etí, etí náà sì rí págunpàgun bí ewé tí kòkòrò jẹ. Ìyá àgbà wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn mi orí. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí ìyókù gbẹ, mo rí i pé búlúù náà ì bá tó tẹ́lẹ̀, torí ibi gbogbo ló máa ń ṣá díẹ̀ bó bá gbẹ, ibẹ̀ ì bá sì bá ìyókù dọ́gba.

Fífi nǹkan sílẹ̀ ló ṣòro fún mi jù. Pílánì tí ìdajì rẹ̀ ṣófo, ta ló máa fọwọ́ sí i? Síbẹ̀ Cézanne, ayàwòrán ará Faransé tó kú ní 1906, fi ọ̀dà olómi ya òkè Sainte-Victoire lópin ayé rẹ̀, ó sì fi bébà sílẹ̀ ní funfun níbi púpọ̀. Òkè náà dúró digbí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lo ìṣẹ́jú 25. Mo fi 12 nínú rẹ̀ wò lásán. Ilé kékeré kan wà létí odò. Ilé, iṣẹ́ mi! Fèrèsé mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá fa òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ògiri tí oòrùn ń bà sílẹ̀ ní funfun. Kò sí fèrèsé kankan. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ti ń na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kí n tó bá ara mi sọ̀rọ̀, mo gbé kọ́ọ̀bù omi, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú koríko.