Báírò dúdú àti ojú ìyá àgbà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ya pásípọ́ọ̀tù ní sítúdíò kan ní Tákìé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, n ò ní dárúkọ wọn, ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e fún mi mo ti pupa fòò bí ẹni tó ń bóra. Mo ní bọ̀ọ̀dá, ẹ dá dúdú mi padà jàre. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn kọ́sítọ́mà ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.

Inú tó bí mi ló jẹ́ kí n tún lọ wo àwọn àwòrán tí Toyin Ojih Odutola, obìnrin ayàwòrán yẹn, fọwọ́ yà, lórí fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1985, Yorùbá ni bàbá ẹ̀, Ìgbò ni ìyá ẹ̀, ọmọdé ni tí wọ́n fi gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, Alabama ló dàgbà sí. Báírò ló fi gbòkìkí. Báírò o, irú èyí tá a fi ń kọ nóòtù! Kì í kàn kun ara èèyàn ní dúdú kó lọ, ìlà tín-ín-rín ló máa ń fà léra wọn, èyí wọ́ síbí, èyí wọ́ sọ́hùn-ún, títí awọ á fi dà bí irun tí wọ́n dì, ibi tó bá wá fi àlàfo díẹ̀ sí á máa dán bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para. Ní 2017 tó pàtẹ àwòrán ẹ̀ ní Whitney, mùsíọ́ọ̀mù kan ní New York, èédú àti pásítẹ́ẹ̀lì ló lò níbẹ̀, ìdílé ọlọ́lá méjì ló fọkàn rò, ọ̀kan Yorùbá ọ̀kan Ìgbò, ọmọkùnrin tibí fẹ́ ọmọkùnrin tọ̀hún (ẹ má bá mi jà o, òun ló rò ó bẹ́ẹ̀), wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni pé ìwọ tó wá wò wọ́n lo wá kí wọn nílé.

Ni mo bá ra báírò mẹ́rin, mo ní n ya ìyá àgbà mi. Gọ̀ǹbọ́ wà lójú wọn. Mo kọ́kọ́ fa ilà yẹn dúdú kirikiri, ojú wọn wá dà bíi ti ológbò. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo tó rí i pé ilà ò dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, kòtò ni, ìmọ́lẹ̀ ló ń bà sí etí ẹ̀. Àṣé yíyí ni mo máa yí i ká, kí n fi pépà sílẹ̀ ní funfun bí okùn. Alẹ́ mẹ́ta gbáko, pépà ya ní àgbọ̀n, báírò kan tún da ínkì sí mi lápò, apá ọ̀tún nìkan ni mo rí ṣe.

Ìyá àgbà gbé e súnmọ́jú, wọ́n wò ó, wò ó. Wọ́n ní, “Olóòlà tó kọ ọ́ fún mi gan-an ò pẹ́ tó báyìí.” Wọ́n ní kí n yáa tètè parí apá òsì, àwọn fẹ́ gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè.