Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Jowú Ìfẹ̀yìntì Wa, Ẹ Wá ní Oṣù Kìíní

Àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Àǹtí mi, ayé ẹ̀yin àti bọ̀dá ló dáa. Ẹ ti fẹ̀yìntì, dọ́là ń wọlé lóṣooṣù, ẹ kàn jókòó ti fèrèsé, ẹ̀ ń wo yìnyín bí ẹni ń wo fíìmù." Àwọn yòókù ní àmín. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níbí, torí òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Abúlé kan ní Chautauqua County la wà, ní gúúsù ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọgbà àjàrà ló yí wa ká, Adágún Erie kò sì jìnnà. Adágún yẹn gan-an ló ń bá wa jà. Tí oṣù kọkànlá bá dé, omi rẹ̀ ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ látìgbà ooru. Atẹ́gùn tútù tó ń bọ̀ láti Kánádà á gba orí rẹ̀ kọjá, á fa omi mọ́ra, bó bá ti kan ilẹ̀ á da gbogbo rẹ̀ lé wa lórí ní yìnyín. Oòrùn lè máa ràn ní ìlú kejì kí àwa má ríran níbí. Àfi bí adágún náà bá dì pa ló tó rọlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ohun tó bọ́ sí Orchard Park, lẹ́bàá Buffalo, ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ọdún yẹn kan náà, ìjì yìnyín pa èèyàn tó lé ní 40 ní agbègbè Buffalo. Inú ọkọ̀ tí yìnyín há mọ́ ojú títì ni àwọn kan kú sí, àwọn mìíràn sì kú sínú ilé tí kò gbóná. Fíìmù tí àbúrò mi ń sọ nìyẹn.

Ti ilé, ẹ mọ̀ ọ́n: iná, omi, epo jẹnẹrétọ̀, ojú ọ̀nà. Mi ò ní tún un kà. Ṣùgbọ́n iná ń lọ níbí náà o. Atẹ́gùn á já wáyà, bọ́ọ̀hóòlù tó ń fún wa lómi ò ní lè fà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná á dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí, ó ní NEPA ti rí àdírẹ́sì òun. Àwọn Amish tó wà ládùúgbò, ìjọ Kristẹni kan tó ń gbé bí ará àtijọ́, tí wọ́n ń fi ẹṣin wọ́ kẹ̀kẹ́ wọn kọjá nínú yìnyín, àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ò kàn, torí wọn ò gba iná ìjọba sílé rí.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. O ko yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà tán, ọkọ̀ tó ń gbá títì á tún wọ́ òkìtì mìíràn dí ẹnu ọ̀nà rẹ. Ihò tí èéfín ẹ̀rọ ìgbóná ń gbà jáde kò gbọdọ̀ dí, torí èéfín tí kò rùn yẹn, ojú oorun ló ń pa èèyàn sí. Lálẹ́ tí òtútù bá le, ẹ̀rọ omi gbọ́dọ̀ máa kán tó tó tó, kí páìpù má bàa bẹ́. Dókítà ti sọ fún ọkọ mi pé ọkàn tirẹ̀ àti ṣọ́bìrì kò gbọ́dọ̀ pàdé mọ́. Èmi ló kù.

Gbogbo ìyẹn ṣeé fara dà. Ohun tí mi ò rí oògùn sí ni àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárọ̀ kan péré, ẹnu rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nítorí ìkíni: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àtàárọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? Níbí, ẹni tó ń pín lẹ́tà ló ń kí wa. Inú ọkọ̀ ló ti ń na ọwọ́, á ju lẹ́tà sínú àpótí ẹ̀bá títì, ó ti lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá wà ní Buffalo, ṣùgbọ́n tí yìnyín bá bolẹ̀, orí fóònù la ti ń ṣe ìsìn. Ọmọ wa obìnrin tí a torí rẹ̀ kó wá síbí ti ríṣẹ́ sí Houston, ó sì kó lọ.

Kì í ṣe pé àwọn aládùúgbò burú. Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ wa yìnyín ẹnu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í gbowó. Mo dín àkàrà lọ́jọ́ kan, mo sáré tẹ̀ lé e. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó yí gíláàsì ọkọ̀ sókè, ó lọ. Nílé, ẹni tó bá ṣe irú oore yẹn fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, o ti mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ.

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ilé kẹta sí wa. Lálaalẹ́ ni mò ń rí iná fèrèsé rẹ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀ pé ìyá wà. Oṣù kẹrin la tó gbọ́ pé oṣù kejì ló ti kú. Iná yẹn máa ń tan ara rẹ̀ ni. A ò gbọ́ ẹkún, a ò rí ọkọ̀ púpọ̀ níwájú ilé, nítorí ilẹ̀ itẹ́ òkú ti dì gbagidi, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ pamọ́ títí yìnyín fi yọ́. Àwa tí a máa ń fi òkú àgbà kó gbogbo ìdílé jọ!

Láti ìgbà náà ni Bàbá àwọn ọmọ ti ń sọ pé ká máa lọ sílé. Ẹni tó fẹ́ràn èrò ni, ẹni tó bá kọjá ló máa ń pè jókòó. Èmi ní tèmi, nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, àwọn èèyàn ti sú mi díẹ̀. Ilẹ̀kùn tí a tì wù mí. Tí a bá lọ sílé, kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni ẹni tó fẹ́ owó ilé-ìwé ti ń dúró, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹ̀yìnkùlé á sì ti jí mi ṣáájú rẹ̀. Lóru ọjọ́ tí àyà mú ọkọ mi, ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín ló ṣáájú áńbúláǹsì wá sílé wa, Medicare, ìdójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Medicare kì í báni dé Ìlá. Àwọn tó ń sọ pé ká máa bọ̀ nílé, kò sí èyí tó tíì sọ ẹni tó máa san owó dókítà ọkàn ní Ìbàdàn. Ó jọ pé mò ń gbèjà ara mi, àbí? Kí n gbèjà ara mi nígbà náà.

Àwọn òyìnbó tó rówó máa ń sá lọ sí Florida tí òtútù bá dé. Ọkọ mi ní kí àwa náà máa lo oṣù kìíní sí oṣù kẹta nílé. Mo ṣírò rẹ̀. Ilé tó bá ṣófo nínú òtútù, wọ́n gbọ́dọ̀ fa gbogbo omi inú páìpù rẹ̀ tán, tàbí kí ẹnì kan máa wá wò ó bóyá ó ṣì ń gbóná. Tí páìpù bá bẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé ẹjọ́ wa ni. Ó ní òun á dá lọ. Mo ní kó máa lọ. Ó ní ta ni yóò wá máa ràn mí lọ́wọ́ láti ko yìnyín? Mo wò ó títí.