Ní Òwúrọ̀ Ọjọ́ Màmá Àdùnní

Ọyẹ́ mú lónìí. Ètè mi ti sán kí n tó dé ẹnu géètì igbó Ọ̀ṣun. Mo fẹ́ débẹ̀ kí àwọn àlejò tó máa wọlé, torí irú ọjọ́ òní, 12 oṣù kìíní, ni Màmá Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó tó di ọmọ ilé òrìṣà láàárín wa, papò dà ní 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ ní ọ̀nà Ìbòkun nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Màmá kò jìnnà sí ìsọ̀ wa. Bí wọ́n bá ń kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìró nídìí, tìróò dúdú lójú, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń sá sí. Ìyá mi á ní, "Jáde, kúnlẹ̀ kí Màmá!" Mo rántí bó ṣe yà mí lẹ́nu tó pé Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí wọn sí ní 1915, Susanne Wenger sì ni orúkọ wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti fẹ́ràn igbó àti òkè gígun. Wọ́n kọ́ṣẹ́ ọnà ní Vienna, ibẹ̀ ni ogun Hitler ká wọn mọ́. Nígbà tí ogun parí, wọ́n pàdé Ulli Beier ní Paris, ẹni tó ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1950, àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ wa. Kò pẹ́ tí ikọ́ ife fi dá Màmá dùbúlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Ẹlòmíràn ì bá ti wọkọ̀ padà sílé.

Ẹdẹ ni wọ́n ti bá Ajágẹmọ pàdé, àwòrò Ọbàtálá, òun ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọ inú ìsìn. Màmá ò tíì gbọ́ Yorùbá, Ajágẹmọ ò gbọ́ òyìnbó. Mo máa ń ro èyí títí tí oorun yóò fi dá lójú mi. Báwo lèèyàn ṣe ń fi gbogbo ayé rẹ̀ lé ẹni tí kò gbédè rẹ̀ lọ́wọ́? Bí àwọn èèyàn bá ń sọ ìrìn àjò Màmá, òkun tí wọ́n là kọjá ni wọ́n máa ń sọ. Èmi rò pé jíjókòó tí wọ́n jókòó tì wá ló le jù: Ẹdẹ, Ìlobùú, wá Òṣogbo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 ọdún.

Nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo, ikán ti ń jẹ ojúbọ inú igbó yìí. Ọdẹ ń wọ ibẹ̀, àwọn kan ń gé igi, àwọn mìíràn ti fojú sí ilẹ̀ náà. Àwọn àwòrò ló ní kí Màmá bá àwọn tún ojúbọ ṣe. Wọn ò dá a ṣe o. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Buraimoh Gbadamosi, káfíńtà. Kàsálí Àkàngbé, agbẹ́gilére. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi gbé àwọn ère wọ̀nyí dìde láàárín igi. Inú mi máa ń dùn pé irú ọwọ́ tó mọ ògiri yàrá wa ló mọ odi ibẹ̀ náà. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní oṣù keje 2005, oṣù tí Màmá pé 90 gan-an, UNESCO kọ hẹ́kítà 75 rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé.

Nílé kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi, mi ò bọ Ọ̀ṣun rí. Ṣùgbọ́n omijé bọ́ lójú mi létí odò láàárọ̀ yìí. Mo rántí Màmá, mo rántí ìyá mi tó ń tì mí jáde lẹ́yìn rẹ̀ pé kí n kí wọn. Mo fọwọ́ nu eruku ọyẹ́ lára ẹsẹ̀ ère kan, mo jókòó tì í díẹ̀.

Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ wá sórí odi, ó jókòó, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Kò wo ọ̀dọ̀ mi pàápàá.